Ewé Kan, Òfin Mẹ́rin: Ìtàn Fẹlá Aníkúlápó-Kútì

 Gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe, a tún mú ìtàn ẹnì kan tí ó ti papò dà wá fún yín, kí àwa tí a wá kàwé ní ọ̀nà jíjìn má baà gbàgbé àwọn tí ó ṣáájú wa. Ẹni tí a mú lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe àjèjì. Kò sí ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ tí a kì í ti í gbọ́ orin rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ́ọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ orin ni a fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ òun àti òfin igbó ni.

Ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Ní ọjọ́ Sátidé kan, àwa bíi mélòó kan lọ jẹ àmàlà ní Garki. Nígbà tí a ń padà bọ̀, tí ọkọ̀ wa gba Area 11 kọjá, ọ̀kan nínú wa nàka sí àdúgbò tí ọ́fíìsì NDLEA, àjọ tí ń gbógun ti oògùn olóró, wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ní kò yẹ kí òfin ka igbó mọ́ kokéènì, nítorí pé Fẹlá mu ún títí, kò sì sí ohun tí ó ṣe é. Ẹlòmíràn ní irọ́ ni, pé igbó náà ni ó pa Fẹlá. Ariwo ta. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò dá sí i. Nígbà tí a dé ilé ni ó tó sọ fún wa pé àbúrò òun wà ní àtìmọ́lé nítorí wíràpù igbó kan tí wọ́n bá ní àpò ṣòkòtò rẹ̀, àti pé ohun tí ìyá wọn ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn ni iye ọdún tí òfin lè fún un. Kò sí ẹni tí ó lè dá a lóhùn nínú wa, àwa tí a ti ń pariwo láti Garki. Ojú tì wá. A pinnu láti lọ wádìí ìtàn náà dáadáa.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá, ọdún 1938, ni a bí Fẹlá ní Abẹ́òkúta. Bàbá rẹ̀ ni Alùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì, ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ Abẹ́òkúta Grammar School, ẹni tí ó tún jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ní Nàìjíríà. Ìyá rẹ̀ ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì. Ọmọ ilé ìwé ni wọ́n, ọmọ ilé Ọlọ́run ni wọ́n, ẹgba kì í sì í jìnnà sí bàbá wọn.

A kò lè sọ̀rọ̀ Fẹlá àti òfin kí a má sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀. Ní àárín ọdún 1947 sí 1949, àwọn obìnrin Ẹ̀gbá dìde sí owó orí tí ìjọba òyìnbó àti ààfin Aláké ń gbà lọ́wọ́ wọn. Ìyá Fẹlá ni ó ṣíwájú wọn. Wọn kò kàn pariwo lásán. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀hónú, wọ́n yẹ ìwé ìnáwó wò, wọ́n gba agbẹjọ́rò, wọ́n sì jókòó sí iwájú ààfin tọ̀sán tòru, wọ́n ń kọrin. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá fi orí oyè sílẹ̀, ó kúrò ní ìlú fún ìgbà kan, wọ́n sì dá owó orí àwọn obìnrin náà dúró. Ọmọ ọdún 10 ni Fẹlá nígbà náà. Ó fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ènìyàn ni ó ń ṣe òfin, ènìyàn náà ni ó sì lè tú u.

Ní Abẹ́òkúta kan náà, ní ọdún 1954, ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lábẹ́ Dókítà Adéoyè Lámbò. Ìwé òfin ìjọba òyìnbó ti dárúkọ igbó láti ọdún 1935, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ òpìtàn sọ ni pé àwọn ọmọ ogun tí ó ti ojú ogun Bọ́mà bọ̀ ní ọdún 1945 ni ó mú kí mímu rẹ̀ gbilẹ̀ láàrin wa. Kò pẹ́ tí àwọn dókítà Arò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń mu igbó láàrin àwọn aláìsàn wọn. Dókítà Tọ̀lání Àsúnì kọ̀wé lórí rẹ̀ ní ọdún 1964, Lámbò náà sì kọ tirẹ̀ ní ọdún 1965, nínú ìwé ìròyìn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń tẹ̀ jáde lórí oògùn olóró. Ìlú Fẹlá gan-an ni àwọn oníṣègùn wa ti kọ́kọ́ jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí bí ọ̀rọ̀ àìsàn, kí ọlọ́pàá tó gbà á lọ́wọ́ wọn.

Fẹlá kò sí nílé ní ọ̀pọ̀ nínú ọdún wọ̀nyí. Ní 1958 ni ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ kọjú sí iṣẹ́ ìṣègùn: Olíkóyè di dókítà, Békò náà di dókítà. Wọ́n rò pé òun náà yóò di dókítà, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ orin Trinity College of Music ni ó gbà lọ. Ó padà wálé ní 1963, ó ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba, ó sì ń bá ẹgbẹ́ orin rẹ̀, Koola Lobitos, kiri. Owó kò fi bẹ́ẹ̀ wọlé.

Ọdún 1966 ni ìjọba ológun àkọ́kọ́ gbé Òfin Igbó jáde, Òfin Ológun Kọkàndínlógún ti ọdún náà. Ẹni tí ó bá gbìn ín, ikú ni, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 21. Ẹni tí ó bá mu ún, ẹ̀wọ̀n gbọọrọ tí ó lè dé ọdún 10. Láyé, ìlànà àpapọ̀ tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní 1961 ti kó igbó sí ìsọ̀rí kan náà pẹ̀lú hẹroín, ìsọ̀rí ohun tí ó léwu jù lọ tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún ìwòsàn. Èyí ni òfin àkọ́kọ́ nínú mẹ́rin tí a fẹ́ ka sí i yín létí.

Ní 1969 Fẹlá kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì lo oṣù bíi mẹ́wàá níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti pàdé Sandra, ọmọbìnrin adúláwọ̀ tí ó ń bá àwọn Black Panther rìn, tí ó sì fún un ní àwọn ìwé kà nípa ìtàn aláwọ̀ dúdú. Ẹni tí ó padà wá sí Èkó kì í ṣe ẹni tí ó lọ. Orin rẹ̀ yí padà, ó di Afrobeat. Ilé rẹ̀ ní Agége Motor Road di ibi tí ọ̀dọ́ tí ilé lé àti èyí tí ó lé ilé ń wọ́ lọ. Igbó kò sì jẹ́ ohun àfipamọ́ níbẹ̀. Fẹlá ní ewé ilẹ̀ wa ni, pé kì í ṣe oògùn olóró rárá, ó sì fún un ní orúkọ àpọ́nlé: NNG, koríko àdánidá ti Nàìjíríà.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin, ọdún 1974, àwọn ọlọ́pàá ya wọ ilé náà, wọ́n ní àwọn rí igbó. Wọ́n gbé e lọ sí Alágbọn Close ní Ìkòyí. Inú àtìmọ́lé yẹn ni ó ti bá àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n pe yàrá wọn ní Kàlàkútà, orúkọ náà sì wù ú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi sọ ilé ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gba onídùúró rẹ̀, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá tún padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí, bí a ti ń sọ ìtàn náà, Fẹlá gbé ẹ̀rí náà mì. Wọ́n bá tì í mọ́lé, wọ́n ń dúró kí ó yàgbẹ́, kí wọ́n lè gbé ìgbẹ́ lọ yẹ̀ wò. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ẹgbẹ́ rẹ̀ bá a wá ọgbọ́n sí i, ìgbẹ́ ẹlòmíràn ni wọ́n gbé fún ọlọ́pàá. Wọn kò rí igbó níbẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Àwo orin tí ó ti inú ọ̀rọ̀ náà jáde ní 1975 ni gbogbo yín mọ̀.

A máa ń rẹ́rìn-ín sí ìtàn yìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí ó wà nídìí rẹ̀. Ọkùnrin kan gbé ewé mì nítorí pé ewé náà lè gbà á ní ọdún 10. Kí ni ì bá ṣe é bí ó bá jẹ́ ní òpin ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni wọ́n mú un? Ní 1975 ni ìjọba ológun tún òfin náà ṣe. Wọ́n yọ ìjìyà ikú kúrò. Ẹni tí ó bá mu igbó, ẹ̀wọ̀n oṣù 6 tàbí owó ìtanràn ₦200. Òfin kejì nìyí. Ewé kan náà, ọwọ́ kan náà, ọdún 10 ti di oṣù 6.

Ìjà Fẹlá àti ọlọ́pàá kò dúró lórí igbó mọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1974, wọ́n tún ya wọ ilé rẹ̀, wọ́n sì lù ú dé ilé ìwòsàn. Ó fi wáyà yí ilé ká, ó ní orílẹ̀-èdè olómìnira ni Kàlàkútà. Ó ju orúkọ Ransome nù, ó di Aníkúlápó. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì, ọdún 1977, àwọn ṣọ́jà tí wọ́n fojú bù sí ẹgbẹ̀rún kan yí ilé náà ká, wọ́n lu gbogbo ẹni tí wọ́n bá, wọ́n ju ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé òkè, wọ́n sì dáná sun ilé. Ìyá àwọn Ẹ̀gbá kò gbádùn mọ́. Ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin, ọdún 1978.

Ó gbìyànjú láti gba ọ̀nà òfin. Bí ìṣèlú ti ń padà bọ̀ ní 1979, ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀, Movement of the People, ó ní òun yóò du ipò ààrẹ. Àjọ elétò ìdìbò kò forúkọ ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ìlẹ̀kùn yẹn tì.

Ní ìparí 1983 ológun tún gba ìjọba. Ní 1984, wọ́n yọ owó ìtanràn kúrò nínú Òfin Igbó, wọ́n sì fi ẹ̀wọ̀n tí kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 4 rọ́pò oṣù 6 fún ẹni tí ó bá mu ún tàbí tí wọ́n bá a lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin kẹta nìyí. Ọdún kan náà ni wọ́n ṣe òfin pé kí a máa yìnbọn pa ẹni tí ó bá ń ṣòwò kokéènì àti hẹroín, wọ́n sì yìnbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ní oṣù Kẹrin ọdún 1985. Ariwo tí ìlú pa pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba tí ó tẹ̀ lé e fi yọ ikú kúrò nínú òfin náà ní 1986. Fẹlá wà lẹ́wọ̀n ní gbogbo àkókò yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí igbó. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1984 ni wọ́n mú un ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà nítorí owó ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún 5 fún un, ó sì jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 1986.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Dókítà Olíkóyè, ti di mínísítà ìlera ní 1985. Àwọn ọmọ ìyá méjì: ọ̀kan ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ káàkiri Nàìjíríà, ọ̀kan ń fẹ́ èéfín sókè ní Afrika Shrine, tí ó sì ń kọrin bú ìjọba tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Nígbà ìjọba yẹn ni òfin kẹrin dé. Ní òpin 1989, wọ́n dá NDLEA sílẹ̀ pẹ̀lú Òfin Ológun Kejìdínláàádọ́ta. Ẹ fetí sí bí wọ́n ti kọ ọ́: ó dárúkọ kokéènì, ó dárúkọ LSD, ó dárúkọ hẹroín, ó wá fi kún un pé àti oògùn yòówù tí ó bá jọ wọ́n. Inú gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni igbó gbà wọlé. Ẹni tí ó bá gbìn ín tàbí tí ó tà á, ẹ̀wọ̀n gbére. Ẹni tí wọ́n bá a lọ́wọ́ rẹ̀, ọdún 15 sí 25.

Àwọn òṣìṣẹ́ NDLEA ni wọ́n wá mú Fẹlá ní ọdún tí ó lò kẹ́yìn láyé. Ìkòyí ni olú iṣẹ́ wọn wà nígbà náà, wọn kò tíì kó wá sí Abuja. Ní 1997, wọ́n fi í hàn lórí tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n lọ́wọ́, ó ti rù, ó ti gbẹ. Wọ́n gbà á níyànjú pé kí ó jáwọ́. Ó kọ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ, Fẹlá dákẹ́. Ọmọ ọdún 58 ni. Ní ọjọ́ kejì, Olíkóyè pe àwọn oníròyìn, ó sì sọ ohun tí ìdílé púpọ̀ ì bá fi pamọ́: àrùn éèdì ni ó pa àbúrò òun. Igbó kọ́. Ẹni tí ó ní igbó ni ó pa Fẹlá kò rí i sọ, ẹni tí ó sì ní kò sí ohun tí ó ṣe é kò lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, nítorí pé ẹni tí kì í gbọ́ ti dókítà ni Fẹlá. Wọ́n tẹ́ òkú rẹ̀ sí Tafawa Balewa Square ní ọjọ́ 11, wọ́n sì sin ín sí iwájú ilé rẹ̀ ní Gbémisọ́lá Street, Ìkẹjà, ní ọjọ́ 12. Èrò tí ó tẹ̀ lé e kò ṣe é kà.

Fẹlá lọ, òfin kò lọ. Òfin Igbó àti òfin NDLEA jọ wà nínú àkójọ òfin Nàìjíríà ti 2004. Ọ̀kan ní ó kéré tán ọdún 4, èkejì ní ó kéré tán ọdún 15, lórí ewé kan ṣoṣo. Èyí ni ìdáhùn tí a ní fún ìyá ọ̀rẹ́ wa, ó sì burú ní ìdáhùn: ó di ọwọ́ ìwé ẹ̀sùn tí wọ́n bá gbé síwájú adájọ́, àti ojú àánú adájọ́ náà.

Ìlú mìíràn ti ń tún ìsọ̀rí náà rò. Ní 2018, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún ọ̀rọ̀ ìwé òfin ní Gúúsù Áfíríkà ní kí a má fìyà jẹ àgbàlagbà tí ó mu ún nínú ilé ara rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí a yọ igbó kúrò ní ìsọ̀rí tí òun àti hẹroín jọ wà, orílẹ̀-èdè 27 gbà, 25 kọ̀. Nàìjíríà wà lára àwọn tí ó kọ̀. Ní 2023, Gánà ṣe òfin tí ó fàyè gba gbígbin èyí tí agbára rẹ̀ kò pọ̀, fún oògùn àti iṣẹ́ ọwọ́. Ní 2024, ìjọba Amẹ́ríkà dábàá láti sún un kúrò ní ìsọ̀rí kìn-ín-ní bọ́ sí ìkẹta. Nílé níbí, Gómìnà Akérédolú ti Oǹdó, tí ó ti di olóògbé, lọ sí Thailand ní 2019 láti lọ wo bí wọ́n ti ń fi ṣe oògùn, ṣùgbọ́n NDLEA takò ó ní gbangba. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní Abuja tilẹ̀ dìbò pé kí ikú rọ́pò ẹ̀wọ̀n gbére fún oníṣòwò oògùn olóró.

Ẹni tí ó bá ní igbó kò lè pa ẹnikẹ́ni lára, kí ó lọ sí Arò tàbí Yábàá lọ wo àwọn ọ̀dọ́ tí orí wọn kò gbà á. A kò kọ ìtàn yìí kí ẹnikẹ́ni lè lọ dáná sí i lẹ́yìn ilé ibùgbé wa. Ìwádìí tí a gbé jáde ní 2019 fi hàn pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 10.6 ènìyàn ni ó mu igbó ní Nàìjíríà láàrin ọdún kan. Bí a bá ní kí gbogbo wọn lọ ṣe ọdún 15, ibo ni a ó kó wọn sí? Bí a bá sì ní kò kàn wá, ta ni yóò tọ́jú èyí tí ó ṣàìsàn nínú wọn?

Ohun tí a rí kọ́ lára Fẹlá ni pé ó fi ara rẹ̀ ja òfin igbó fún ọdún mẹ́tàlélógún, kò sì yí ìlà kan padà nínú rẹ̀. Ìgbà mẹ́rin ni òfin náà yí ní ojú rẹ̀, ẹnì kankan kò béèrè lọ́wọ́ ìlú. Ìyá rẹ̀ kó obìnrin ọjà jọ, ó kọ ìwé, ó ka owó, ó jókòó sí iwájú ààfin, owó orí sì dúró. A fẹ́ràn orin ọmọ, ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ kí òfin ya aláìsàn sọ́tọ̀ kúrò lára oníṣòwò, kí ó sì ya igbó sọ́tọ̀ kúrò lára kokéènì, ọ̀nà ìyá ni kí a gbà.

Ẹjọ́ àbúrò ọ̀rẹ́ wa ṣì wà ní kóòtù bí a ti ń kọ èyí. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ó ń kọ́ ìmọ̀ òfin ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn ka ìwé ẹ̀sùn náà. Ẹni tí ó bá ní ìrànlọ́wọ́ tàbí ìmọ̀ràn, kí ó rí akọ̀wé ẹgbẹ́. Ní ìpàdé wa tí ń bọ̀, ọ̀rọ̀ òfin yìí ni a ó fi ṣe àríyànjiyàn. Kí olúkúlùkù ka ìwé wá, kí ó má ṣe jẹ́ bíi ti inú ọkọ̀ ọjọ́sí. Ire o.